Baba Kó-Ṣojú-Mi àti Ẹ̀sùn Òjò

Kò sí ẹni tó bá Baba Kó-Ṣojú-Mi ṣiṣẹ́ tí kò mọ ìtàn òjò. Ìyá àgbà kan ló kọ̀wé pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá òun kàwé sókè, nítorí ojú òun tó ti ń ṣe bàìbàì, máa ń kú bí òjò bá ti ń rọ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo àwọn tó ń tún ètò náà ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ètò ọ̀hún, ọ̀fẹ́ sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí i. Ta ló wá ráyè ti òjò? Baba, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya ẹ̀sùn tòótọ́ kúrò lára ti àṣìlò, ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kì í pa ẹ̀sùn kankan dé bí èyí tó ti parí, àfi kó ṣojú òun. Nígbà tí òjò dé, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síta lábẹ́ agbòjò. Afẹ́fẹ́ gbé agbòjò lọ. Kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀ ló yá láti fi dáhùn: "Ẹ kú ìnira, Ìyá. Òótọ́ lẹ sọ. Tèmi náà kú."

Ọkùnrin kan tún fẹjọ́ sùn pé ohùn tó ń kàwé náà ń jágbe mọ́ òun. Baba jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, ó ń gbọ́ ohùn náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òun náà ti ń jágbe dá a lóhùn. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé wá bẹ àwọn méjèèjì.

Lójú obìnrin tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn ikú Baba, ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn kò fi bẹ́ẹ̀ pa ni lẹ́rìn-ín mọ́. Àbúrò ni Baba máa ń pè é, gbogbo ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Eléyìí ló ń jẹ ìsinmi rẹ̀. Bó ṣe ń pa ẹ̀sùn kan dé ni òmíràn ń yọjú, àwọn tó ń kọ ọ́ kì í sì í kí èèyàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó pa gbogbo ẹ̀sùn àtijọ́ dé, ó sì ti pinnu pé tóun bá ṣe é tán, òun náà á fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀sùn òjò, tí Baba kò pa dé. Nítorí Baba, ó kọ̀wé sí Ìyá pé Baba ti di olóògbé, ó béèrè bóyá ètò náà ṣì ń kú, ó sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i. Ìyá pè é.

"Ọmọ mi, ẹ kú aráfẹ́rakù," ni ohùn arúgbó náà wí. "Ó ti pẹ́ tí ètò náà kò ti kú mọ́. Ẹ̀rọ mi ló ti gbó, wọ́n ti bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò kàn sọ fún Baba ni. Bí òjò bá ti ń rọ̀, á kọ̀wé sí mi, ètò yín á sì kà á fún mi: ṣé ẹ̀rọ mi wà láàyè, ṣé èmi náà wà. Kò sẹ́ni tó tún ń bi mí. Jọ̀ọ́, má pa ẹ̀sùn náà dé."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Àbúrò: ẹni tí kì í gbà àfi kó ṣojú òun, ìyá arúgbó ti ń fi ẹ̀sùn tó ti tán mú un so mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni àárò Baba wá sọ ọ́ gan-an.

Ó pa àwọn yòókù dé, ó fi ti òjò sílẹ̀, kò sì tíì ráyè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ ta sára fèrèsé rẹ̀, ó rọra fa fóònù sọ́dọ̀.

"Ẹ kú òjò, Ìyá. Ṣé ẹ wà dáadáa?"