Ẹ́ńjìnnì Baba Wa, Òrí àti Èéfín

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ ní Komah, ní Sokodé, kì í wá sí Kambolé, ìlú wa, bí kò bá rí ohun tí yóò tà níbẹ̀. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀kùn àká baba wa. Ó ti ta kẹ̀kẹ́ tí mo fi kọ́ bí a ti ń ṣubú. Ohun tó kù ni bàṣé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré onítapólì tí baba fi ń kó iṣu lọ sí ọjà Tchamba, tó wà lábẹ́ igi òrí lẹ́yìn ilé láti ìgbà tí baba ti papò dà.

Ọkọ̀ náà kò kú o. Bí mo bá fún un ní epo, á wúkọ́, á bínú, á sì dìde. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá dé, kápò, ìyẹn ìdérí iwájú ọkọ̀, ló máa ń ṣí kó tó kí ìyá wa. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó wá wo òkú.

“Àbúrò, wo ìpẹtà. Irin ti di ìyẹ̀pẹ̀. C'est fini, ó ti tán.”

“Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì ń dún o.”

“Ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ pa náà ṣì ń dún.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó là á mọ́lẹ̀. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun yóò mú ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù irin wá láti Sokodé. Bí òun bá ṣí kápò tí òun tún bá ìpẹtà lórí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ lọ nìyẹn. Ìyá wa dìde, wọ́n lọ jókòó sórí bọ́ḿpà ọkọ̀ náà, wọ́n sì kẹ̀yìn sí wa. Láti ìgbà tí irun wọn ti dúdú, kò sí ọjọ́ ọjà Tchamba tí wọn kì í jókòó nínú ọkọ̀ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba.

Mo bá lanu, mo ní, “Màá kun ẹ́ńjìnnì náà.” Ẹnu mi máa ń ṣe akin kí ara tó kù tó gbọ́.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: bí ìyàwó mi bá fẹ́ dáná gáàsì, oko ni mo máa ń gbà lọ. Bí ààrá bá sán, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ má bẹ̀rù, láti abẹ́ ibùsùn.

Mo gun sémì, alùpùpù akérò wa, dé Tchamba, mo ń ka kálímà lórí gbogbo gegele, mo sì wọ takisí dé Sokodé. Nínú ọjà níbẹ̀, ọmọ Ṣakí kan tí baba rẹ̀ bá òwò dé ilẹ̀ yìí ló ń ta ọ̀dà.

“Ọ̀dà tí kì í kú ni mo fẹ́,” ni mo wí.

“Ti ilẹ̀kùn ni, bàbá, àbí ti irin tó ń gbóná?”

“Ti ẹ́ńjìnnì.”

Ó gbé agolo kan kalẹ̀, aláwọ̀ ewé iṣu. “Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.”

“Ọmọ mi, mo ti kun mọ́sálásí rí.” Òótọ́ ni. Ògiri ẹ̀yìn, ẹfun ni, òjò sì fọ̀ ọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà lára agolo yẹn, ìwé tí mo kà sì tó láti kà á. Mi ò kà á. Ta ló ń ka agolo?

Mo dé ilé, mo fi búrọ́ṣì onírin ha ìpẹtà títí apá mi fi fẹ́ yọ. Mo fi epo òyìnbó fọ̀ ọ́, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tó gbẹ, irin náà funfun fúú bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti oko bọ̀ nínú ọyẹ́. Ìyá wa dé, wọ́n wò ó, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n.

“Ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa fi í sílẹ̀?”

“Mo ti wẹ̀ ẹ́, Ìyá.”

“Ta ló ń wẹ nǹkan tí kì í fi òrí pa á?”

Ọ̀rọ̀ wọn kò ní àbùkù. Ní Kambolé, ọmọ tuntun ni, ọkọ́ ni, ìdè ilẹ̀kùn ni, ohun tí a bá ti wẹ̀, òrí là ń fi pa á. Wọ́n gbé igbá òrí wá, ìyá àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ́ńjìnnì lára. A kò fi kọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ó ń dán! Ní ọjọ́ kejì mo fi ọ̀dà lé e lórí, mo sì ń yin ara mi.

Nígbà tí mo rò pé ọ̀dà ti gbẹ, mo ní kí n jẹ́ kó dún díẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dẹ́rẹ́bà kì í ṣí láti inú. Láti ayé baba ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí i fún wọn. Ilẹ̀kùn kejì, okùn la ti fi so ó láti ìta báyìí. Nítorí náà, mo fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níta, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo sì tan án.

Kò pẹ́ tí òórùn bí ẹni ń dín àkàrà gba gbogbo agboolé. Lẹ́yìn náà ni èéfín yọ. Ẹsẹ̀ tó wà níta kò dúró de èyí tó wà nínú. Ibi ògiri mọ́sálásí ni mo ti bá ara mi, mo ń pariwo sí àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ pé kí wọ́n má bẹ̀rù.

Ìyàwó aládùúgbò wa kan gbé orí kúrò nínú àgbàdo tó ń bó. “Bàbá, ta ló ń lé yín?”

“Mò ń na ẹsẹ̀ ni.”

“Ó ti gùn báyìí o!”

Ìyá wa ló na ọwọ́ wọnú ọkọ̀, tí wọ́n pa á. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀dà náà ti ń yọ̀ bọ́ lára irin bí èépá, òrí sì ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Mo tún padà sí Sokodé. Ọmọ Ṣakí náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di agolo mú. “Òrí! Ẹ fi òrí pa ẹ́ńjìnnì bí ọmọ ìkókó! Ẹ ò gbé e pọ̀n?” Lọ́tẹ̀ yìí, mo fetí sílẹ̀. Ó ní kí n fọ̀ ọ́ títí aṣọ funfun yóò fi nù ún tí yóò sì bọ̀ ní funfun. Kí n má fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́. Kí n kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èyí gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. “Lẹ́yìn náà, ooru ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò sè é. Bí ẹ bá kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná, á rú èéfín. Ẹ jẹ́ kó rú. Bí ẹ bá tètè pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà ò jinná nìyẹn, á tún bó.”

“Èéfín náà, báwo ló ṣe máa ń pọ̀ tó?”

Ó wò mí lójú. “Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀?”

Gbogbo ohun tó sọ ni mo ṣe, àfi ti ìgbẹ̀yìn. Mo fi ọ̀rá wé àwọn wáyà, mo fọ̀, mo nù, mo kùn, ó gbẹ. Nígbà tí àárọ̀ Jímọ̀ mọ́, mo ní ìrì ṣì wà nílẹ̀. Ìrì lọ, mo ní atẹ́gùn pọ̀. Atẹ́gùn rọlẹ̀, mo ní ẹnìkan kì í dáná sí nǹkan kí ó tó kírun. A kírun tán, a dé ilé, àwáwí sì tán lẹ́nu mi.

Ìyá wa dúró ti ọkọ̀. “Wọlé.”

Mo wọlé, mo fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níta. Àgbà ọkùnrin tí ó ní ọmọ-ọmọ ni mí o. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi, wọ́n tì í wọnú ọkọ̀, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Gbà!

“Ìyá!”

“Tan án.”

Mo tan án. Ó wúkọ́, ó bínú, ó dìde. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èéfín yọ láti abẹ́ kápò, kò rùn bí àkàrà, bí ilé ìtajà tó ń jó ló ṣe ń rùn. Mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò dá mi lóhùn. Mo yí gíláàsì, ó sọ̀ ní ìwọ̀n imú mi, ó dúró. Kọ́kọ́rọ́ wà níwájú mi gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rí kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn ló ń rí.

Àárín èéfín yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi gbà wọlé nínú agbádá funfun, pẹ̀lú ọkùnrin tó ń ra irin.

“Iná! Au feu! Ẹ sá o!”

Ọkùnrin tó ń ra irin ló kọ́kọ́ lọ. Òkú ọkọ̀ ló mọ̀, kò tíì rí èyí tó ń mí. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e. Agbádá rẹ̀ kọ́ ọgbà ẹ̀gún, ó fi ìdajì apá ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá wa kò yẹsẹ̀. Èmi náà kò yẹsẹ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Èéfín di tín-ín-rín, ó tán. Ẹ́ńjìnnì ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá wa jẹ́ kó dún títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n ní kí n pa á, a sì dúró kó tutù. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Àwọn tó sá padà dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí kápò. Ẹ́ńjìnnì náà tutù yọ̀yọ̀ bí ebè iṣu lẹ́yìn òjò. Ó fi èékánná ha á, ọ̀dà kò mira. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ha á. Kọ́kọ́rọ́ ló mú àwọ̀ ewé díẹ̀, irin kò yọjú.

“Ta ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ń jó?”

“Kò jó,” ni Ìyá wa wí. “Àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀.”

“Nínú èéfín yẹn? Kò sọ̀ kalẹ̀?”

“Ṣé o rí i kó sọ̀ kalẹ̀ ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo apá agbádá rẹ̀. Ó bá ọkùnrin tó ń ra irin sọ ọ́ ní Kotokólí, èdè àwọn ará Sokodé, pé ọkọ̀ baba òun kì í ṣe fún títà, bí ẹni pé ọkùnrin náà ló wá fi ipá rà á.

Láti ọjọ́ náà, mo ti di akin ní àdúgbò. Bí ejò bá wọ àká ẹlòmíràn, èmi ni wọ́n ń pè. Mo máa ń mú igi tó gùn dání, mo sì máa ń ní kí Ìyá wa bá mi lọ, pé ojú wọn ríran ju tèmi lọ.

Mo gbé ọkọ̀ náà lọ bá mẹkaníìkì kan ní Tchamba. Ó tún ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Ìyá wa ṣe dáadáa. Mo ní kó kúkú tún tèmi náà ṣe. Ìyá wa ní kó fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ọjà Tchamba, bí a bá ti dúró, Ìyá wa á sọ̀ kalẹ̀, wọn á tún gèlè wọn ṣe, wọn á kí oníṣu, wọn á kí oníyẹ̀fun, wọn á béèrè ara ọmọ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá láti ọdún tó kọjá. Èmi á wà nínú ọkọ̀, nínú oòrùn, tí n óò máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé láti ẹ̀yìn gíláàsì, títí wọ́n á fi rántí wá ṣí i fún mi.