Tíṣà Tó Kọ̀ Láti Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Mo kórìíra ọkùnrin náà, mi ò sì ní torí pé ọdún ti gorí ọdún kí n wá máa pọ́n ọn lé. Tíṣà ni. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá jókòó tì wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, láti gba ìwé ẹ̀rí tí yóò fi rí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó sì ti ń sún mọ́ ogójì ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwa yòókù ò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá a ní kékeré. Irùngbọ̀n kò hù lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, bó bá sì wọ ṣòkòtò péńpé, àlejò lè rán an níṣẹ́.

Èmi ní tèmi ga, ohùn mi wúwo, irùngbọ̀n sì ti bò mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ eléré wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ fi eré tí mo kọ ṣe fíìmù, èmi ni wọ́n fi ṣe bàbá, òun ni wọ́n fi ṣe ọmọ mi.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa ló ń darí eré náà. Òun ló bá wa wá onífọ́tò kan rí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní kámẹ́rà fídíò tó fi ń ya ìgbéyàwó. Onífọ́tò yìí gbà láti yà wá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ní àgbàlá ilé rẹ̀, sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin náà tún ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ẹni tó ṣèlérí pé òun yóò fi kásẹ́ẹ̀tì náà han àwọn tó ń ṣe eré níbẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ìrètí mi wà. Mi ò fẹ́ ṣe tíṣà rárá. Bàbá mi, tó ń ránṣọ lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bí ọdún yẹn bá parí tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí síṣẹ́ eré, kí n mú ṣọ́ọ̀kì bí àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ìtàn eré náà kò le. Ọmọ kan ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ná owó rẹ̀ dànù, ó sì padà wálé láti tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú àgbàlá. Bàbá wò ó títí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó parí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá rí ojú mi nígbà tí mo bá ń wò ó nílẹ̀ yóò fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́.

Tíṣà ní òun ò ṣe é. Ó ní òun á sunkún, òun á yí nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní na àyà sílẹ̀ fún ọmọ tí àbíkẹ́yìn ìyá òun dàgbà jù. Mo ní, "Eré ni, sà." Ó ní ilẹ̀ tí òun máa dọ̀bálẹ̀ sí kì í ṣe eré.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ mí. Yóò dúró títí n ó fi wọ agbádá tí mo yá ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, títí n ó fi da pọ́dà sórí kí irun mi lè funfun, kí ó tó pè mí pé, "Àbúrò, bá mi sáré ra gúgúrú wá." Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Wọn ò tọ́ mi láti kọ iṣẹ́ àgbà. Èmi bàbá arúgbó inú eré á ká agbádá lé èjìká, á sì sáré jáde lọ sójú títì, pọ́dà á máa dà sí mi lọ́rùn, àwọn ọmọbìnrin á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo ń gbìyànjú láti ṣẹ́ apá agbádá náà bí àwọn àgbà ti ń ṣẹ́ ẹ, ó sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni inú fi ń bí mi.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ eré náà, bírò sì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èébú kún ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ kí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀lẹ, àpà, aláìnítìjú, ẹni tí kò ga tí kò sì gbọ́n. Ohun tí mi ò lè sọ sí i lójú ní kíláàsì, mo sọ ọ́ sí i lójú nínú agbádá, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Á dúró, á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, omijé gidi á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Bí a bá parí, òun ni wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún. Èmi ni mo ṣe wàhálà èébú, òun ló ń gba ìyìn, ìyẹn náà sì tún ń dùn mí.

Ọmọbìnrin tó ń darí wa fẹ́ kí àlàáfíà wà. Ó ní kí ẹlòmíràn wọ ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí kámẹ́rà máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní eléré tó bá ń yan ohun tí ara rẹ̀ yóò ṣe, kí ó lọ jókòó sílé. Mo gba ọ́fíìsì olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa lọ, mo sì fẹjọ́ Tíṣà sùn. Mi ò tijú. Olùkọ́ náà pè é, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́jọ́ tí a bá ń yà á, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí òun dán an wò ṣáájú ọjọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fo ìdọ̀bálẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí a bá ti dé ibẹ̀, Tíṣà á dúró sí àyè rẹ̀, èmi á wo ilẹ̀ lásán, n ó yí padà, n ó wọlé. Mo ń sọ kiri pé irọ́ ló ń pa, pé yóò sá lọ́jọ́ náà. Ní ti apá tèmi, mi ò tilẹ̀ ronú sí i. Kí ló le nínú kí èèyàn dúró kó máa wo ẹlòmíràn?

Lọ́jọ́ Sátidé tí a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi wà lẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpò aṣọ lórí itan. Onífọ́tò gbé wa sáré láti àárọ̀, ó ń jágbe mọ́ wa bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Nígbà tó fi máa kan ìran ìkẹyìn, oòrùn ti ń lọ, àwọn ará ilé sì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wòran. Ó wo ara kámẹ́rà rẹ̀, ó ní kásẹ́ẹ̀tì kù díẹ̀ kó tán, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó ṣe é.

Tíṣà wọ àgbàlá. Ó bọ́ bàtà. Ó ṣí fìlà. Ó wò mí bí ọmọ tó mọ̀ pé ilé kò gba òun mọ́, ó sì na gbogbo ara sílẹ̀, àyà kanlẹ̀, àgbọ̀n kanlẹ̀. Mo rí ewú láàárín orí rẹ̀, níbi tí fìlà máa ń bò. Ó tó ìwọ̀n ti bàbá mi.

Ohun tó kù fún mi rọrùn. Kí n wò ó, kí n yí padà, kí n wọlé, kí n ti ilẹ̀kùn. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, èmi náà ti dọ̀bálẹ̀ nínú agbádá, orí mi kọjú sí orí rẹ̀, mo ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dìde, sà."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń darí wa ju ìwé eré sílẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí wa. Onífọ́tò ní kásẹ́ẹ̀tì ti tán.

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe dé Ìbàdàn, nítorí kò sí òmíràn. Wọ́n béèrè ọmọ kúkúrú tó ń sunkún yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè bàbá rẹ̀. Ìyẹn dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo lè gbé e. Èyí tí mi ò lè gbé ni ohun tí Tíṣà sọ nínú àgbàlá yẹn, kí ó tó dìde, tí ẹ̀rín ṣì ń lọ lórí wa. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orí sókè díẹ̀, ojú wa sún mọ́ra, ó sì rọra sọ ọ́ kí èmi nìkan lè gbọ́.

"Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àkọ́bí mi obìnrin nílé, kí ara mi lè gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹkún ló bú sí. Ìwọ, kí lo fi ọ̀sẹ̀ méjì tìrẹ kọ́?"

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà, ó lọ wá bàtà rẹ̀. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Èébú ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì tèmi kọ́.