Ògiri Tí Mo Ń Fi Èékánná Họ

Mo rántí òórùn ara ògiri wa ní Chicago, láàárín àwọn ọdún 1980. Tí oòrùn bá mú, ó máa ń rùn bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí títì. A kò wádìí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó gbà mí sílé ti sọ pé ilé bíríkì ni. Ta ni èmi àlejò tí n óò bá a jiyàn?

Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń dá ilé àwọn òyìnbó mọ̀. Bí a bá ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní hòsípítù, a máa nàka: búńgálò nìyẹn, bíríkì ni, òrùlé rẹ̀ yọ síwájú bí etí fìlà, tú-fláàtì nìyí, ìdílé kan lókè, ìdílé kan nísàlẹ̀, bíi tiwa, èyí tó gùn gbọọrọ láìlókè, ráńṣì ni, Calumet City ló pọ̀ sí. Bó bá wá kan ilé pákó, a yọ ṣùtì, ẹ̀gbọ́n á sì ní:

"Àpótí ìṣáná. Ṣé kí n fi ilé búlọ́ọ̀kù bàbá mi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, kí n wá máa sùn nínú pákó?"

Èmi náà a rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, a ti iṣẹ́ dé, a sùn. Hítà àwọn ará ìsàlẹ̀ gbiná. Èéfín ló jí mi. Mo fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ṣòkòtò.

"Fara balẹ̀ jàre. Bíríkì kì í jóná. Àwọn panápaná á dé báyìí."

Mo ṣí fèrèsé. Ògiri ìta ń yọ́, ó ń ká bọ́ bíi bébà. Bébà ọlọ́dà ni lóòótọ́, tí wọ́n ya bíríkì sí lára. Pákó ló wà lábẹ́ rẹ̀, iná sì ti gùn ún dé ọ̀dọ̀ wa.

"Ẹ̀gbọ́n, pákó ni o."

N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Mo bẹ́ sínú yìnyín. Òun kò bẹ́.

Àwọn àgbà ní inú ilé laṣenì ń gbé. Ènìyàn ni mo rò pé wọ́n ń bá wí.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyàwó mi lọ wo ilé kan ní Plainfield. Bíríkì ni iwájú rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ lọ, mo ń fi èékánná họ ògiri, mo ń gbóòórùn rẹ̀. Ìyàwó mi ní:

"Dádì, ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni, àbí èkúté lẹ ń wá? Ejẹ́ǹtì tó ń bá wọn ta ilé ń wò yín o."

Mo gòkè lọ sí yàrá tí a óò máa sùn sí, mo ṣí fèrèsé, mo wo ilẹ̀. Ó jìn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí ejẹ́ǹtì bá wa wá ráńṣì, èyí tí kò lókè. Mo mọ orúkọ gbogbo ilé wọn, ẹ̀gbọ́n kọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí n óò gbà jáde ni mo kọ́kọ́ ń wò.