Bàtà Bàbá Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́ kù sí mi lẹ́nu já bọ́ sínú ọbẹ̀.

Obìnrin kan ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn òǹkọ̀wé tẹ ìwé wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kọ ìtàn àròsọ kan, ó fi ilé bàbá wọn, tí obìnrin náà ṣì ń gbé, ṣe ibùdó ìtàn. Látìgbà tí bàbá ti kú, bàtà rẹ̀ pupa kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn. Ẹni tó bá ń wọlé á kọ́kọ́ kí bàtà náà: “Bàbá, ẹ kú ilé o.”

“Àbúrò mi, yọ bàtà yẹn kúrò nínú ìwé mi. Olóòtú ní kò ní yé òǹkàwé.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé olóòtú ló bí wa ni?”

“Ṣáà yọ ọ́, kí wọ́n lè gba ìwé náà.”

Ó yọ ọ́. Kò sunkún, inú ò bí i. Ìka rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kà á padà, ilé inú ìwé ti di ilé ẹlòmíì.

Nírọ̀lẹ́, ó délé, ó wo bàtà náà títí. Ó wọlé láì kí i.

Ó dáa, kí eyín kan já bọ́: bàtà náà ò pupa, dúdú ni.