Símẹ́ǹtì Ọkọ Mi àti Kòtò Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́! Ìlú kékeré kan nítòsí Torino, ní Ítálì níbí, là ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, ibẹ̀ la ṣì ti fẹ́ gbàwé ìgbélùú.

Ilé-iṣẹ́ gáàsì kan ló wá gbẹ́ títì wa láti ri páìpù. Wọ́n rì í tán, wọ́n da ọ̀dà díẹ̀ lé e, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, ojú ibẹ̀ rì, ó di kòtò gbọọrọ níwájú ilẹ̀kùn wa gan-an.

Bàbá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, àmọ́ kò sí Jímọ̀ tí wọn kì í wọ bọ́ọ̀sì lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí San Salvario, nínú Torino. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn títí. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀pá wọ kòtò, Bàbá ṣubú! Ọlọ́run yọ wá, eegun ò kán. Ṣùgbọ́n àtọjọ́ náà ni wọn ò ti jáde mọ́. Ìdí fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Mo lọ sí Comune, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì àti omi máa ń san owó fún ìjọba ìlú, torí pé abẹ́ títì ni páìpù wọn gbà? Canone ni wọ́n ń pè é. Obìnrin tó wà ní sportello, ìyẹn káńtà wọn, ní lóòótọ́, ara owó yẹn làwọn fi ń tún títì ṣe, àmọ́ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ni kó dí i. Mo pe ilé-iṣẹ́ gáàsì. Wọ́n ní àwọn ti san canone, kí n padà sí Comune. Mo padà. Ó ní kí n kọ email. Email! Ta ló fẹ́ kà á fún kòtò?

Ta ló tiẹ̀ ń san canone ọ̀hún? Ṣebí inú bíìlì tiwa náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́!

Nílé lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, bí títì àdúgbò bá bàjẹ́, ṣé a máa ń dúró de ìjọba? A ó dáwó, a ó ra yanrìn, a ó dí i. Bíríkìlà ni ọkọ mi. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó po símẹ́ǹtì, èmi ń bomi, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bàbá ń ṣàdúrà fún wa láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní kí n bá àwọn fọ fìlà, pé àwọn ń lọ ní Jímọ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Lọ́jọ́ kejì, vigile, ìyẹn ọlọ́pàá ìlú, kan ilẹ̀kùn. Ó ní ta ló fún wa láṣẹ láti fọwọ́ kan títì? Ọkọ mi ṣàlàyé títí. Ọlọ́pàá náà ní, "Signore, la strada non è sua." Pé títì kì í ṣe tiwa. Ẹni tó ṣubú síbẹ̀ ńkọ́? Tiwa kọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ Comune dé. Ẹ gbọ́ o! Àwọn tí wọn ò mọ̀nà ilé wa látọjọ́ yìí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n! Wọ́n fọ́ símẹ́ǹtì ọkọ mi, wọ́n kó o lọ, wọ́n fi irin pupa àti funfun yí kòtò ká. Kòtò ò yíra padà.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé Bàbá sẹ́yìn, ó gbé wọn kọjá irin wọn. Fìlà tí mo fọ̀, ojú ni Bàbá fi bò, wọn ò fẹ́ káwọn aládùúgbò rí àwọn lẹ́yìn ọmọ.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: owó títì tí kò bá dójú títì, ẹnì kan ló máa fara san án. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kó ara yín jọ lọ bá wọn, àmọ́ ẹ má gbé símẹ́ǹtì o! Ẹ̀yin ará Padova, Ferrara, Piacenza, ta ló ń dí kòtò tiyín? Ẹ sọ fún mi, torí Jímọ̀ míì ń bọ̀, ẹ̀yìn sì ti ń ro ọkọ mi.