Inṣọ́ránsì tó ní kí ọkọ̀ mi máa wo ẹni tó ń rì níran

Báírò ti wà lọ́wọ́ mi láti fọwọ́ síwèé lónìí kí n tó rí ìlà kan tó mú orí mi gbóná.

Mo fẹ́ ra inṣọ́ránsì fún ọkọ̀ tí àwọn ọmọ mi fi ń pẹja lágbami, láti Awoye níbí. Ìwé náà ní tí ọkọ̀ wa bá yà lọ gba ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, tí ó sì bàjẹ́ níbẹ̀, àwọn ò ní san kọ́bọ̀.

Mo bi ọ̀dọ́kùnrin tó ń tà á pé, "Tí ọkọ̀ ẹlòmíì bá dojú dé ńkọ́?"

"Màmá, kí àwọn ọmọ yín máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí wọ́n pe ìjọba."

Ìjọba wo, láàárín agbami?

Mo ní, "Níbí, tí ọkọ̀ kan bá dànù, gbogbo ọkọ̀ ló ń ká àwọ̀n wọn lọ wá a. Bí wọ́n ṣe rí bàbá àwọn ọmọ mi yọ láàyè nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló dì mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kàn má sọ fún wa pé wọ́n lọ."

Kí n wá máa purọ́ nítorí a gba ẹ̀mí là? Mo dá báírò rẹ̀ padà.

Lọ́la, mo ń lọ bá iléeṣẹ́ mìíràn. Tí tiwọn náà bá rí bẹ́ẹ̀, mo tún ń lọ sí ìkẹta. Mo máa rí èyí tó dáa rà dandan.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ìpẹja tẹ́ ẹ ti ra tiyín, ẹ lọ ka ìwé rẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ dá mi lóhùn níbí: ṣé ó gbà kí ẹ yọ àwọn ọmọ mi nínú omi?