Àwọn Gúùsì Tó Ti Gba Ìwé Ìgbélùú

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin mi gbọ́dọ̀ dá yunifásítì méjì tó gbà á wọlé lóhùn gan-an ni ó mú mi lọ rìn létí adágún ní Lake Arbor, àdúgbò wa. Èyí tó wù ú wà ní Kalifóníà, níbi tí a kò ti mọ ẹnì kankan. Èyí tó wù mí kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé wa, bí iná pupa ojú títì kò bá dá wa dúró. Ó ti sọ pé bí mo bá kọ̀, òun kò ní lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn.

Láti kékeré ni ó ti ń kọ́ èdè Ṣáínà níléèwé. Iṣẹ́ tó fi parí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn dá lórí àwọn ẹyẹ inú ewì àtijọ́ àwọn ará Ṣáínà. Bí a ṣe ń rìn ni ó ń ṣàlàyé.

“Mọ́mì, bí ẹ bá rí ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn nínú ewì wọn, ẹ̀mí gígùn ni.”

“Àmín.”

“Bí pẹ́pẹ́yẹ aláràbarà méjì bá jọ ń lúwẹ̀ẹ́, tọkọtaya ni.”

“Fo ìyẹn. Ìwé ni mo rán ọ lọ kà.”

“Ẹyẹ kan tún wà. Bó bá ké, etí ẹni tó wà ní àjò á máa gbọ́ ọ pé, ‘Ó sàn kí o máa lọ sílé.’”

“Ẹyẹ gidi! Níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn dúdú tí à ń pè ní gúùsì, tí wọ́n ń jẹ koríko. Ó ní irú wọn ni àwọn akéwì ń wò nígbà ìwọ́wé, tí òtútù máa ń lé wọn lọ síbi tó móoru. Bí wọ́n bá ń fò kọjá, ẹni tó jìnnà sílé á gbójú sókè, á ní bóyá wọ́n gbé lẹ́tà wá fún òun.

“Torí náà, Mọ́mì, ẹni tó lọ jìnnà kò sọnù.”

Mo ti mọ ibi tó ń lọ. “Àwọn wọ̀nyí kì í lọ síbì kankan,” ni mo wí. “Mo rí wọn níbí nínú yìnyín, mo rí wọn nínú ooru. Lẹ́tà ta ni wọ́n gbé rí?”

“Mọ́mì, àwọn yìí ti gba ìwé ìgbélùú!”

Ẹ̀rín yẹn ni mo ń rín lọ́wọ́ tí n kò fi rí àwọn ọmọ gúùsì kéékèèké tó wà níwájú mi. Ìyá wọn rí mi. Ó lè jẹ́ bàbá wọn, n kò dúró bèèrè. Ó na ọrùn, ó la ìyẹ́, ó sì lé mi. Mo sáré! Èmi tí orúnkún ń dùn! Bàtà mi kan há sínú ẹrẹ̀, n kò wẹ̀yìn.

“Ìyá ọlọ́mọ, ẹ má bínú, n ò fọwọ́ kan ọmọ yín o!”

Ọmọ tèmi ti jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fara ti igi, mo wo ẹ̀yìn. Gúùsì náà ṣì dúró sójú ọ̀nà, ó ń halẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn ọmọ tó ń tìtorí wọn jà ti wọ omi tipẹ́. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín adágún, orí gbogbo wọn dúró ṣánṣán. Mo wò wọ́n, mo wo òbí wọn, ni ẹ̀rín bá tún gbé mi títí omijé fi ń bọ́.

“Mọ́mì, kí ló dé?”

“Dá àwọn ará Kalifóníà lóhùn. Sọ fún wọn pé ò ń bọ̀.”

Ó pariwo débi pé gúùsì náà tún kọjú sí wa. A sáré dé mọ́tò, èmi pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan.

“Ojoojúmọ́ ni kí o máa pè mí.”

“Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, Mọ́mì.”

“Láàárọ̀ àti lálẹ́.”

“Háà! Ẹ tún fi kún un!”

Ó kọ ìdáhùn náà sórí fóònù, ó nà án sí mi kí n kà á. Ó ti gbàgbé nọ́mbà ilé wa nínú àdírẹ́sì. Mo ní kí ó fi sí i kí lẹ́tà má baà ṣìnà, lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó fi ránṣẹ́.